Wọ́n Fi Misturat Ṣe Àpẹẹrẹ

Sàrátù ń sá gbodo sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé nígbà tí Màríámù, obìnrin ilé kejì, wá bá a pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ Sátidé yẹn ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Iṣu tí wọ́n bọ̀ lálẹ́ àná ti tutù rinrin nínú agbọ̀n, ìka Sàrátù sì ti funfun. Màríámù kò kí i bó ṣe máa ń kí i. Ó dúró létí àpáta, ó ń fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù tí kò dọ̀tí. Ó ní ohun kan wà tí òun fẹ́ kí Ìyá Mùyìbátù gbọ́, pé bí òun bá gbọ́ ọ tí òun kò sọ, a jẹ́ pé ọ̀tá lòun. Ó ní láti àná ni wọ́n ti ń gbé e kiri ọjà.

Sàrátù nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ so yìgì Mùyìbátù, àkọ́bí rẹ̀, pẹ̀lú Ismaheel, ọmọkùnrin ará Ogbooro kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe. Ilé ọkọ ti gbé ẹrù wá, àgbò sì ti wà lórí ìso. Ó rò pé ẹnì kan tún ń sọ pé ìkòkò tóun rà fún ọmọ kò tó, tàbí pé aṣọ rẹ̀ kò wuyì.

Màríámù tẹ fóònù náà. Ohùn obìnrin kan jáde, ó mọ́ gaara, ó dùn létí. Kí Sàrátù tó mọ ohun tí ohùn náà ń sọ ló ti mọ ẹni tó ni ín. Tíṣà Mọ́ládé ni.

"Ọmọbìnrin kan wà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́," ni ohùn náà wí. "Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń ṣe gbodo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti fẹ́ lọ sílé ọkọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kú lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà ló ti ń gbọ́ ohùn ọmọ náà. Ó pẹ́ kó tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Lóru tí ọmọ náà máa kú, ó pe ọmọbìnrin yìí, ó ní, 'Àǹtí mi, omi.' Ó gbọ́. Oorun ń kùn ún, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́."

Àwọn èèyàn kan ṣe hùn-ún nínú fóònù náà. Mọ́ládé wá sọ ohùn rẹ̀ di ti ọmọdé: "'Mo gbọ́ ọ, mà. Mi ò kàn dìde ni.'" Lẹ́yìn ìyẹn, àtẹ́wọ́ ló kù.

Sàrátù ní kí Màríámù tún un tẹ̀. Màríámù ní kó jọ̀wọ́, ó ti tó. Ó ní kó tún un tẹ̀. Nígbà tí ohùn náà dé ibi omi, ó jókòó sórí àpáta, àárín gbodo gan-an ló jókòó sí.

Òun kò sí nílé lóru ọjọ́ náà. Ọjà Ìsẹ́yìn ló gbé èlùbọ́ lọ. Ibà Samsudeen, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó kú náà, ti rọlẹ̀ kó tó jáde, ó ti jẹ ẹ̀kọ, ó sì ti ń bèèrè bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ọwọ́ Misturat ló fi í sí, nítorí Misturat ló máa ń gbọ́ràn jù nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìgbà tó fi dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti sin ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọmọ náà pe ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìlú ló kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé rẹ̀, òun ìyá ló gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Màríámù ń sọ ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jà. Wọ́n ní ilé Ládòkun, ọkọ Sàrátù, ni ọmọ ti ń bá òkú sọ̀rọ̀. Wọ́n ní nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé. Àwọn kan sì ń ṣàánú ọmọ náà, ó fi kún un, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹni tó ń ṣàánú.

Mọ́ládé fúnra rẹ̀ ló wá sílé wọn nígbà òjò. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìlera ọkàn ló kó àwọn tíṣà àti nọ́ọ̀sì jọ sí Ìsẹ́yìn, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń tọ́jú ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ọkàn wọn kò balẹ̀, torí pé kò sí dókítà irú rẹ̀ nítòsí. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ wọn. Wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gba sàtífíkéètì, ọkọ̀ àwọn olùkọ́ wọn sì gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ. Mọ́ládé nìkan ni wọ́n mú ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ó rí Misturat ní kíláàsì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń wo ògiri, tí kì í dáhùn bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ kí Ládòkun àti Sàrátù, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà máa dúró ti òun díẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́.

Ládòkun kò fẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé, ó ní, ilé la ti ń sọ ọ́. Wọ́n ti fún ọmọ náà ní hàntú mu lọ́dọ̀ àlùfáà, wọ́n ti ṣe sàárà, kò yí padà. Sàrátù ló gbà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi tíṣà náà: níbo ni ohun tí ọmọ òun bá sọ yóò wọlẹ̀ sí? Mọ́ládé fi ọwọ́ lé àyà. "Inú mi ni yóò kú sí, Ìyá."

Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ọmọ náà gbádùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ó ń jẹun tán. Lọ́jọ́ kan tí ewúrẹ́ Màríámù ki orí bọ ìkòkò tí kò lè yọ ọ́ mọ́, Misturat rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, Sàrátù sì lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún ayọ̀. Ó ti mú iṣu tó dáa lọ fún tíṣà náà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì.

Nígbà tí Sàrátù kúrò lórí àpáta, tó wọ ilé ìdáná, Misturat ń po ògì lórí iná. Mùyìbátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, fóònù tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ti gbọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fi ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù, ó sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé, ṣé kì í ṣe ilé yín nìyí?

Mùyìbátù kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

"O jẹ́ kí Samsudeen kú," ló wí. "Ó wá ku ìgbéyàwó mi."

Misturat kò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ fóònù, ó gbé e sún mọ́ etí rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sín òun jẹ, ó sì gbọ́ àtẹ́wọ́ náà. Kò wo fóònù. Ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ó ń wò ó bí ọmọ tó ṣubú ṣe ń wo ojú ìyá rẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá kóun sunkún.

Ó yẹ kí Sàrátù sọ nǹkan. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti ń wo ojú Misturat, ojú Samsudeen ló ń rí, àti ètè rẹ̀ gbígbẹ. Ó yí ojú kúrò. Ó gbé agbọ̀n tó ṣófo, ó padà sẹ́yìn ilé. Nígbà tí òórùn ògì tó jóná kàn án níbẹ̀, kò wọlé.

Ládòkun dé láti oko kí oòrùn tó kanrí. Ẹnì kan ti bá a lọ́nà. Ó sọ ọkọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyàwó rẹ̀ jà láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun sọ. Ó ní nígbà tí òun sọ pé kí wọ́n má gbé ọmọ fún àwọn alásàtífíkéètì, wọ́n ní òun kò kàwé. Ó ní àwọn àna ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí, Jímọ̀, agbẹnusọ wọn, ti pè, bó sì ṣe pè yẹn kò dùn. Ládòkun sọ̀rọ̀ títí, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó sórí odó tó dojú dé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bèèrè, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà:

"Omi ni ó ní kí wọ́n fún òun?"

"Wọ́n ní omi ni," ni Sàrátù dáhùn.

Ládòkun dìde, ó lọ wẹ̀.

Sàrátù gún iyán. Ẹran ẹtu gbígbẹ tó ń tọ́jú de ọjọ́ ìgbéyàwó ló mú sínú ẹ̀gúsí. Mùyìbátù kò bá a gún un, inú yàrá ló wà. Misturat ló bá a gún un. Ìyá gba ọmọrí odó kan, ọmọ gba èkejì, wọ́n ń gbé e sókè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ, wọn kò sì wo ara wọn.

Jímọ̀ ni àbúrò bàbá Ismaheel. Òun àti ìyá àgbà kan láti agbo ilé wọn ni wọ́n wá. Wọ́n jókòó ní pálọ̀, wọ́n béèrè àlàáfíà oko, wọ́n béèrè àlàáfíà ewúrẹ́. Wọ́n gbé iyán síwájú wọn, wọ́n ní àwọn ti yó. Ládòkun ní kí wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní àwọn yó dé ọ̀fun. Nígbà tí àna bá kọ oúnjẹ, kò tún sí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ.

Jímọ̀ gba ọ̀nà jíjìn. Ó ní àwọn kò bínú, àwọn kò gbọ́ nǹkan kan tí àwọn gbà gbọ́. Ó ní ṣùgbọ́n kí a tó fẹ́mọ, à ń wádìí, wọ́n sì ti wádìí nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún àwọn. Ó ní bó bá jẹ́ àìsàn ara ni, ta ni kì í ṣàìsàn? Èyí tó bá jẹ́ ti orí ni àwọn baba àwọn máa ń sá fún, torí ọmọ tí a kò tíì bí. Ó ní bóyá kí wọ́n sún ọjọ́ yìgì síwájú, títí di ẹ̀yìn Ràmàdánì, kí wọ́n fi wòye. Gbogbo wọn tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé ẹ̀yìn Ràmàdánì tó ń wí kò sí nínú oṣù kankan.

Ládòkun ní kò sí irú rẹ̀ nídìí baba òun. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ìyàwó rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

Ìyá àgbà náà ni kò fẹ́ràn ìyípo. Ó yí padà sí Sàrátù. "Ìyá ìyàwó, ìwọ lo bí ọmọ tí wọ́n ń sọ yìí. Ṣé òótọ́ ni pé ó ń gbọ́ ohùn òkú?"

Misturat wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó gbé abọ́ omi ìfọwọ́ dání. Sàrátù rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ náà. Ó ronú kan Mùyìbátù tó dákẹ́ nínú yàrá. Ó ronú kan àgbò tó wà lórí ìso. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀, tí kì í ṣe ti ìgbéyàwó rárá, tí kò fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ láé pé ọmọ òun bèèrè omi.

"Irọ́ ló ń pa," ló wí. "Láti kékeré ló ti máa ń parọ́. Kò gbọ́ ohùn kankan nígbà kankan. Tíṣà ló tàn jẹ."

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. Ó ní, ṣé ẹ rí i, opùrọ́ ni, opùrọ́ kì í ṣe wèrè. Ó ní irọ́ kò burú tó bẹ́ẹ̀, ọkọ a máa mú un kúrò lára ọmọbìnrin. Jímọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó wo iyán tó ti tutù, ó ní òórùn ẹ̀gúsí yìí kò ní jẹ́ kí òun sọ òótọ́ pé òun yó. Ládòkun pe omi. Kọ́tìnnì ṣí, Misturat jáde, ó kúnlẹ̀, ó bu omi sí wọn lọ́wọ́ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ìyá àgbà, ìyá náà ká etí ìró rẹ̀ kúrò lára rẹ̀.

Wọ́n jẹun. Kí wọ́n tó dìde, ìyá àgbà ní ohun kékeré kan ló kù: kí ọmọ náà má sí níbi yìgì, kí ẹnu má baà tún lọ síbẹ̀. Ládòkun ní ìyẹn kò le. Ó ní láàárọ̀ ọ̀la ni ọ̀kadà yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní abà, ibẹ̀ ni yóò wà. Kò wẹ̀yìn wò bóyá ọmọ náà ṣì wà nítòsí.

Bí wọ́n ti lọ, Sàrátù ró ìró mìíràn, ó lọ sílé Mọ́ládé.

Tíṣà náà ń fọ aṣọ ọmọ rẹ̀ lágbàlá. Bó ti rí Sàrátù, ó ti mọ̀. Ó nu ọṣẹ kúrò lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀, ó gbé àga. Sàrátù kò jókòó.

"Tíṣà, ẹ ní inú yín ni yóò kú sí."

Mọ́ládé ní òun kò dárúkọ. Ó sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó ti ń kọ́ ọ sórí láti àárọ̀. Ó ní wọ́n pe àwọn padà sí Ṣakí lọ́sẹ̀ yìí fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kejì, wọ́n ní kí kálukú wá sọ àpẹẹrẹ ọmọ kan tó ti ràn lọ́wọ́. Ẹni tí àpẹẹrẹ rẹ̀ bá wọ̀ wọ́n lára ni wọn yóò mú lọ sí Ìbàdàn láti kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì, kó lè máa kọ́ àwọn mìíràn. Òun kò mọ̀ pé ẹnì kan ń gba ohùn òun sílẹ̀.

Sàrátù bi í bóyá wọn kò kọ́ wọn pé kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ ọmọ mọ́.

"Wọ́n kọ́ wa," ni Mọ́ládé wí. "Ọ̀sán ọjọ́ kìíní ni. Àwọn kan ń buwọ́ lùwé lọ́wọ́ láti gba owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n èmi gbọ́ ọ. Mi ò lè sọ fún yín pé mi ò gbọ́."

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí Sàrátù kò bèèrè. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ àwọn, kò sẹ́ni tó padà wá wo bí òun ṣe ń ṣe é. Wọ́n ní àwọn yóò máa pè, wọn kò pè. Ọmọ tó ń wá bá òun kò mọ níwọ̀n, èyí tí bàbá ń lù, èyí tí ó ń gé ara rẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí kì í ṣe ẹni tó bí i ló ń tọ́ ọ. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbé délé, tó ń gbé sùn. Ọ̀rọ̀ Misturat yìí ló wúwo jù. "Èmi náà ń wá ẹni tí màá sọ ọ́ fún, Ìyá. Nígbà tí wọ́n ní ká sọ̀rọ̀, ó kàn ń jáde ni."

"Wọ́n mú yín?" ni Sàrátù bèèrè.

Mọ́ládé tẹ orí ba. "Wọ́n mú mi."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Sàrátù fẹ́ pa òwe náà. Ó ti gbé e dé ẹnu. Ṣùgbọ́n Mọ́ládé gbójú sókè, ó bi í pé, kí ni wọ́n ti sọ fún Misturat nílé? Ṣé wọ́n ti sọ fún un pé kì í ṣe òun ló pa àbúrò rẹ̀? Ó ní ibi tí àwọn ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀ nìyẹn, ó ku díẹ̀ kó dé ibẹ̀, kò sì yẹ kó sùn mọ́jú láìgbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Òwe náà kú sí Sàrátù lẹ́nu. Ó yí padà, ó lọ. Kò dágbére.

Lẹ́yìn Mọ̀gáríbì, Mọ́ládé wá sílé wọn. Ládòkun kò dá a lóhùn nígbà tó kí i, ó dìde, ó lọ sí mọ́sáláṣí láti dúró de Ìṣáà. Sàrátù tẹ́ ẹní sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó pe Misturat. Ó ń retí kí ọmọ náà kọ̀, kó sunkún, kó bú tíṣà náà. Ó tilẹ̀ fẹ́ kó bú u.

Misturat jáde. Ó kúnlẹ̀ kí tíṣà rẹ̀ dáadáa, ó béèrè ọmọ rẹ̀. Mọ́ládé di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ṣẹ̀ ẹ́, kì í ṣe díẹ̀. Ó ní bí kò bá fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀ mọ́, òun yóò wá ẹlòmíràn fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ ní Ìsẹ́yìn. Ó bi í bóyá ohùn náà ti padà.

"Rárá, mà," ni Misturat wí. "Mi ò gbọ́ ohùn kankan rí. Irọ́ ni mo ń pa. Ẹ má bínú pé mo fi irọ́ gba àkókò yín."

Mọ́ládé wo Sàrátù. Sàrátù wo ẹní. Tíṣà náà ṣì jókòó díẹ̀, ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa bèèrè rẹ̀, ní pẹ̀lẹ́, pẹ̀lú sùúrù. Gbogbo rẹ̀ ni ọmọ náà dáhùn. Ó ń sùn dáadáa, mà. Ó ń jẹun, mà. Inú rẹ̀ dùn sí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mà. Nígbà tí Mọ́ládé dìde, Misturat sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kó kílé.

Ó ku ìyá àti ọmọ. Sàrátù sún mọ́ ọn. Ó ní, "Misturat, ohun tí mo sọ níwájú àwọn àlejò yẹn..." Kò mọ ibi tí yóò gbé e gbà.

"Ohun tí ẹ sọ dáa, Ìyá mi," ni ọmọ náà dáhùn. "Wọ́n jẹun."

Ó ká ẹní, ó fi ti ògiri, ó wọlé lọ di ẹrù tí yóò gbé lọ sí abà. Nínú yàrá kejì, Mùyìbátù ń bá Ismaheel sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. Sàrátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo Misturat bó ti ń ká aṣọ rẹ̀, tó ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, èyí tó kéré lórí èyí tó tóbi. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́, ó ń retí kó sunkún. Ọmọ náà kò sunkún.